Re Tó Súnmọ́ Dò Jù

Ìka ọwọ́ òsì mi ló kọ́kọ́ jìyà orin náà. Mo rántí ìgbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Oǹdó, tí mò ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa níbẹ̀. Ìjọ ló ni gìtá, ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ta, yàrá mi ló ń gbé. Mo rí fídíò ọkùnrin ará Sípéènì kan lórí fóònù, ó ń ta gìtá bí ẹni tí ayé ń bí nínú, mo sì fẹ́ mọ ibi tó ti rí irú ohùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tú u wò, dò rẹ̀ ni dò tí gbogbo wa mọ̀, mí rẹ̀ náà ni mí tiwa, ṣùgbọ́n re kò jókòó jẹ́ẹ́ sáàárín wọn. Ó lọ fẹ̀yìn ti dò, ó fi àlàfo gbàgà sílẹ̀ kí a tó kan mí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ mi ní sólfà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé re lè gbé ibẹ̀ yẹn.

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Láàárọ̀ kí n tó lọ sí kíláàsì, nírọ̀lẹ́ tí mo bá dé, mò ń bá ohùn náà gòkè, mò ń bá a sọ̀ kalẹ̀. Ìka mi á tún sáré lọ sórí re àtijọ́, màá fà á padà. Awọ ìka bó, ó tún yi. Mo gbà nígbà náà pé kò sí irú mi ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ má dá mi lóhùn, ọmọdé ń ṣe mí.

Nígbà ìsinmi mo gbé gìtá wá sílé wa ní Arakale, ní Àkúrẹ́. Ìyá mi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

“Ṣé orin ìmàle lo wá ń kọ nínú ulé mi?”

Àlàyé mi ò wọ̀ ọ́ létí. Ó fà mí lọ sọ́dọ̀ àlhájà tó ń ránṣọ fún un ní Ọjà Ọba, ó ní kí n ta á kí obìnrin náà gbọ́. Àlhájà dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó tẹ́tí títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

“Màmá, n ò gbọ́ eléyìí rí ní mọ́ṣáláṣí wa o. Ẹ má gbé e kọ́ wa lọ́rùn.”

Onígbàgbọ́ kọ̀ ọ́, ìmàle kọ̀ ọ́. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, tèmi ni. Ohun tó wu ẹni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Bí mo ṣe padà sí Oǹdó, mo ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà tí àwọn ènìyàn ń jó mú ọrẹ wá síwájú. Ìjó dàrú mọ́ àwọn kan lẹ́sẹ̀. Ní ọjọ́ ìdánrawò ẹgbẹ́ akọrin, mo wọlé, mo kúnlẹ̀ kí ọ̀gá akọrin gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ó nàka sí gìtá.

“Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́,” ló wí lójú gbogbo ẹgbẹ́. “Kúnlẹ̀, kí o sọ pé o ti ṣẹ̀, pé o ò ní ta ìkọkúkọ yẹn mọ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbé gìtá ìjọ sílẹ̀.”

Ó dùn mí wọra. N kò ní gìtá mìíràn, n kò sì rí ibi tí màá ti rí i. Ìkúnlẹ̀ kan péré ló máa gbà. Ta ni kò mọ ìkúnlẹ̀ nínú àwa tí a tọ́ ní Àkúrẹ́? Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ tí mo fi kí i yẹn, nítorí pé ó jù mí lọ ni. Irọ́ ni èyí tó ń bèèrè yìí, torí n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí mo ṣẹ̀.

Mo gbé gìtá kọ́rùn, mo ta ohùn náà láti ìsàlẹ̀ dókè, mo rọra mú un padà wálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. Mo tẹ́ gìtá sórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀. Ojú ọ̀gá akọrin rọ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí.

“Olúwa á dárí jì ọ́, ọmọ mi.”

“Ó dàbọ̀ ni mo ń kí yín, sà.”

Mo dìde, mo jáde. Nígbà tí mo dé ojú títì ni mo tó sunkún, mo sì sun ún dáadáa.

Ó pẹ́ kí n tó ní gìtá tèmi. Oǹdó náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ báyìí, ìjọ yẹn náà ni mo ṣì ń lọ, nítorí pé kì í ṣe ọ̀gá akọrin ló kọ́ ọ. Wọn ò pè mí padà sẹ́gbẹ́, èmi náà ò bẹ̀bẹ̀. Àwọn ló ni gìtá wọn, èmi ni mo ni ọ̀fun mi. Bí a bá kọrin parí tó ku Àmín, mo máa ń gba orí re tèmi kọjá kí n tó balẹ̀ sí dò. Ọ̀gá akọrin á yíjú padà, á máa wá ẹni tó ṣe é. N kì í fojú pamọ́ fún un.