Àwọn Ewúrẹ́ Tí A Kó Sá fún Àìsàn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mi ò tíì mọ̀ pé Dagenham nílẹ̀ òyìnbó níbí ni màá darúgbó sí, ewúrẹ́ ni ìyá mi ń sìn. Ẹ̀yin ọmọ mi tó jẹ́ pé inú ọ̀rá lẹ ti ń rí ẹran ewúrẹ́ ní Barking, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọ ilé ni ewúrẹ́ nílé wa. Ẹ̀yìn ààrò ló ń sùn, bí a bá sì gbàgbé láti da èèpo iṣu sílẹ̀ fún un, á ké mọ́ wa lórí títí a ó fi dìde.

Lọ́dún kan, àwọn ewúrẹ́ abúlé wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ikun ń dà nímú wọn, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, wọn ò jẹun mọ́. Ìlú ńlá ni dókítà ẹran tí ìjọba ní ń gbé, ọjọ́ ọjà nìkan sì ni ọkọ̀ ń lọ síbẹ̀. Nígbà tí ẹni tí a rán fi máa débẹ̀, wọ́n ní ó ti lọ sí ibòmíràn. Àwa náà bá ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe láyé ìgbà yẹn. Ìyá mi kó àwọn tí kò tíì wúkọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábúlé kejì, kí àìsàn má bàa bá wọn. Àṣé àìsàn náà ti wà lára wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ náà fi ń gbẹ́lẹ̀ sin ewúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò bá a jà, ìyẹn ló sì dun ìyá mi jù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sílé wa lẹ́bàá Valence Park, mò ń mu tíì, ni àbúrò mi obìnrin bá pè mí lórí fídíò láti abúlé nílé. Opó ni, ewúrẹ́ ló fi ń jẹun. Ó ní wọ́n ti ń wúkọ́. Ó gbé fóònù sún mọ́ ọ̀kan, mo rí ikun yẹn, irú èyí tí mo rí nígbà tí mo wà ní kékeré.

Ọmọ ọmọ mi tó jókòó tì mí ní, “But Grandma, ṣé wọn ò lè just report ẹ ni?”

Wọ́n lè ṣe é. Ìjọba ti fún wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n máa pè, àbúrò mi sì ti pè é. Ó ní ọkùnrin tó gbé e sọ̀rọ̀ dáadáa, ó bi òun ní orúkọ abúlé, ó bi òun bí àìsàn náà ṣe ń ṣe wọ́n, ó sì dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ òun. Àmọ́ dókítà ẹran kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo agbègbè wọn, ọ̀kadà rẹ̀ ti bàjẹ́, iná ò sì sí láti fi tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára kó má bàa bàjẹ́.

Ó wá ní tó bá di ìdájí, òun máa kó àwọn tó ṣì lágbára lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun tó lọ́kọ sí abúlé kejì. Ọmọ yẹn náà ń sin ewúrẹ́. Mo pariwo mọ́ ọn, mo rán an létí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá wa. Kò bínú.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ yín. Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?”



Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé tiwa, ewúrẹ́ á ti kú tán kí ìròyìn tó dé ìlú. Ní báyìí, ìròyìn ń dé Dagenham nígbà tí ewúrẹ́ ṣì ń mí. Mo kàn jókòó tí mò ń wò ó ni, títí àbúrò mi fi ní kí n jẹ́ kí òun máa lọ, pé ilẹ̀ ti ń ṣú, òun ò sì tíì rí okùn tí òun máa fi so wọ́n fún ìrìn ìdájí.