Aṣọ́lé Wa, Kí Àṣekágbá Tó Dé

Aṣọ́lé ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin ilé ẹ̀kọ́ wa ní Pobè máa ń fi ọwọ́ gbá òpó gọ́ọ̀lù méjèèjì kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á wá kígbe sí wa pé, "Ẹ lọ síwájú, mo wà níbí!" Bí eré bá parí, kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ títí yóò fi délé. Òun ló gbé wa dé àṣekágbá tí a fẹ́ lọ gbá ní Sakété.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ mú ọmọbìnrin gíga kan wá láti Kútọnu. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wa rárá. Ọ̀gá ní ọmọ náà ni yóò ṣọ́lé. Ó wá kọjú sí èmi tí mo jẹ́ kápítẹ́ẹ̀nì.

"Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?"

Aṣọ́lé wa ń wò mí lẹ́nu.

"Ó dáa, ọ̀gá."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ fún àlejò náà. Gbogbo ọjọ́ tó kù ló fi ń kọ́ ọ ní orúkọ wa, ó ń sọ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù fún un. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa lọ.

"Kí n lọ wo kí ni?"

A gba ife náà. Ní ọjọ́ kejì, mo mú àmì ẹ̀yẹ mi lọ fún un nílé wọn ní Issaba. Ìyá rẹ̀ ń bó gbágùúdá lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn òbí mi, ó wá ní:

"Ọmọ mi wà nínú yàrá. Ó ní bí o bá dé, kí n sọ pé òun ti lọ sóko."