Fárìndé Káfíńtà Lórí Omi

Kò sí ilẹ̀kùn kan tí Fárìndé Káfíńtà kàn ní Moniya tó há nígbà òjò rí. Ẹni tó bá sọ pé ó wà, kó jáde wá. Láti Moniya títí dé Akínyẹlé, bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀kùn àwọn káfíńtà yòókù a máa wú, onílé a sì máa fi èjìká tì í bí ẹni ń bá màlúù jà. Ti Fárìndé, ìka kan péré ló gbà. Olódò ló ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ó sì ti lé lógójì ọdún nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ òun dára, kò sì fi pa mọ́.

Ó ní àṣà kan tí gbogbo ìlú fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá parí iṣẹ́, kò ní jẹ́ kí ẹni tó ni ín gbé e lọ láìdáhùn ìbéèrè. Yóò fi ìka kan igi náà lẹ́ẹ̀mẹta, kó, kó, kó, yóò wá béèrè pé, "Ṣé ó wọ́?" Olúwarẹ̀ gbọ́dọ̀ wò ó lókè, kó wò ó nísàlẹ̀, kó tó dáhùn pé, "Kò wọ́." Ìgbà yẹn ni ọkàn Fárìndé tó máa ń balẹ̀. Ìyá àgbà kan wá gba àpótí ìjókòó lásán, ó kọ̀ láti dáhùn, ni Fárìndé bá mú ìyá náà dúró di ọ̀sán.

Ní ìparí ọdún 1966, nígbà tí ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, Tíṣà Jacob Ọláníyì wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tíṣà yìí ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn ìlú, níbi tí wọ́n ti dí odò kan kó lè di adágún fún omi oko. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé ni, ó sì mú ìwé ìròyìn kan lọ́wọ́. Wọ́n ya àwòrán ọkùnrin kan síbẹ̀ tó dúró lórí pátákó lójú omi, tó di ìgbòkun mú, ìyẹn aṣọ ńlá kan tí wọ́n ta mọ́ òpó, tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ.

"Bàbá Káfíńtà, ṣé ẹ lè ṣe irú èyí?"

Fárìndé wo àwòrán náà títí. Kò rí irú rẹ̀ rí láyé.

"Kí ló le níbẹ̀?" ló fi dáhùn.

Igi arère ló fi ṣe é, nítorí pé arère fúyẹ́, kì í sì í tètè rì. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ó fi ìfági fá a títí tó fi ń dán, ó kùn ún ní ọ̀dà, ó sì gbẹ́ ihò sí àárín rẹ̀, níbi tí òpó ìgbòkun yóò ti máa yí, tí yóò sì lè tẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn. Sàníù télọ̀ ló bá wọn rán ìgbòkun. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Fárìndé kàn án lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ṣé ó wọ́?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó dojú omi ká tó mọ̀."

Ìdáhùn yẹn kò dùn mọ́ Fárìndé nínú rárá.

Ní Sátidé, ẹni tí wọ́n pè àti ẹni tí wọn ò pè ló pé sí etí adágún. Tíṣà gun pátákó, ó gbé ìgbòkun dìde, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kó sí i, pátákó sì gbéra. Ó ń lọ geerege, àwọn èèyàn ń pariwo. Àfi ìgbà tó ku díẹ̀ kó dé òdìkejì tó wá fẹ́ yí padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ wà. Bó ṣe ní kí òun yí imú pátákó báyìí, ìgbòkun gbá a, ó sì já sínú omi. Ó gòkè, ó tún ṣubú. Ìgbà méje ni àwọn òǹwòran kà.

Ó fa pátákó gba etí adágún padà wá bá èrò, òtútù ń mú un. Ojú ń tì í, ẹni tí ojú bá sì ń tì máa ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ó kọjú sí èrò, ó ní, "Pátákó yìí ló wọ́. Igi tí kò bá gún, kò lè yí."

Etí Fárìndé báyìí ló fi gbọ́ ọ. Láti ìgbà tó ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹnì kan kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Ó dùn ún dé egungun.

"Tíṣà," ló wí, "ẹ fi pátákó náà sílẹ̀ fún mi di Sátidé tó ń bọ̀. Èmi fúnra mi ni màá gùn ún, màá sì yí i padà lójú gbogbo ayé. Bí kò bá yí, màá fi àáké ara mi là á sí igi ìdáná. Mi ò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́ pé ṣé iṣẹ́ mi wọ́, títí tí màá fi kú."

Ọ̀rọ̀ ńlá rèé lẹ́nu ẹni tí kò gun ohun tó ju kẹ̀kẹ́ lọ rí! Ọ̀ṣunbíyìí ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ níbi tó dúró sí, ó káwọ́ lérí.

Láti ọjọ́ kejì, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Fárìndé á ti wà lójú adágún. Ó mọ omi í wẹ̀ láti kékeré, ìyẹn kò dà á láàmú. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lórí pátákó, àti bí wọ́n ṣe ń fa ìgbòkun kí afẹ́fẹ́ lè kó sí i. Yíyí padà ni iṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ti bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, á fi ọwọ́ méjèèjì di igi tó dábùú ìgbòkun mú gírígírí, á fi gbogbo agbára fà á, ìgbòkun á kọ̀, á sì gbé e sọ sómi. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé pátákó sórí ilẹ̀, ó na okùn ìwọ̀n láti imú rẹ̀ dé ìdí. Ó gún régé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dun Fárìndé pé ó gún, torí ká ní ó wọ́ ni, ìbá tún un ṣe.

Lọ́jọ́ kẹrin, Ọ̀ṣunbíyìí ń sá aṣọ sórí koríko létí omi nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣubú nígbà kẹfà láàárọ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyá Dàda, èmi lò ń fi rẹ́rìn-ín?"

"Bàbá Dàda, ẹ má bínú. Ṣé ẹ rántí páànù ilé ìyá mi?"

"Èwo ni ti páànù níbí?"

"Ìgbà tí ẹ̀yin àti Ògúntúyì ọmọṣẹ́ yín ń kan òrùlé ilé ìyá mi l'Ákínyẹlé. Tí afẹ́fẹ́ gbá páànù mọ́ ọn lọ́wọ́, tí kò fi í sílẹ̀, tí òun àti páànù jọ bọ́ sórí igi ìbẹ́pẹ. Kí lẹ sọ fún un?"

Fárìndé rántí dáadáa. Òun ló dúró lókè òrùlé lọ́jọ́ náà tó ń jágbe mọ́ Ògúntúyì pé: "Ta ló ní kó o bá afẹ́fẹ́ du páànù? Bó bá ti ẹ̀yìn dé, fi ọwọ́ kan sílẹ̀, jẹ́ kó yí! Kí ìwọ náà yí ẹsẹ̀ rẹ, kó o wá gbá a mú níbi tó bá yí sí!"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìyẹn," ni Ọ̀ṣunbíyìí wí. "Ẹ̀yin náà lẹ wá ń bá afẹ́fẹ́ du aṣọ ìgbòkun."

Ó dun Fárìndé pé ìyàwó ló rán òun létí iṣẹ́ ọwọ́ òun, ó sì tún dùn mọ́ ọn pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni òun fẹ́. Ó padà sórí pátákó. Ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé òun dé àárín, ó sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó tẹ ìgbòkun sí ẹ̀gbẹ́ kan, imú pátákó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Nígbà tí atẹ́gùn kan ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ gan-an, ó fi ọwọ́ kan sílẹ̀. Ìgbòkun gba iwájú rẹ̀ kọjá sí òdìkejì wẹ́rẹ́, bí ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ kàn. Ó pààrọ̀ ẹsẹ̀, ó nawọ́ láti gbá a mú, ó sì ṣubú, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó ṣubú, pátákó ti yí, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó jáde nínú omi, ó ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, bó bá gbìyànjú lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ń yí i lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyẹn dára fún ẹni tó bá dá wà. Ti Sátidé yàtọ̀. Èrò ọjọ́ náà pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gan-an gbé àga wá. Àwọn aláwàdà kan tilẹ̀ ti lọ gbé àáké Fárìndé wá láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi í ti ìdí igi, wọ́n sì yí i ká. Ayé mà le o!

Nígbà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì ṣubú. Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan ké pé, "Ẹ pọ́n àáké sílẹ̀ o!" Fárìndé gbọ́ ọ láti inú omi, ẹ̀rù sì bà á, kí n má purọ́. Àmọ́ bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ó tún gun pátákó, ó gbé ìgbòkun dìde, afẹ́fẹ́ gbé e lọ. Nígbà tó ku díẹ̀ kó dé òdìkejì, ó dúró de afẹ́fẹ́ kó kàn án lẹ́yìn ọrùn. Ó fi ọwọ́ kan sílẹ̀. Ìgbòkun yí, ẹsẹ̀ yí, ọwọ́ gbá a mú, imú pátákó sì kọjú padà sí Moniya. Ariwo tó sọ létí omi lọ́jọ́ náà, àwọn tó wà lóko gbọ́ ọ. Ọ̀ṣunbíyìí ń fò sókè bí ọmọdé, gèlè rẹ̀ ti já bọ́, kò mọ̀.

Nígbà tí Fárìndé gúnlẹ̀, ó fa pátákó náà jáde, ó gbé e síwájú Tíṣà Ọláníyì. Ó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ṣé ó wọ́?"

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kó ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. "Kò wọ́, Bàbá Káfíńtà."

Fárìndé fi ọwọ́ sẹ́tìí. "Mi ò gbọ́."

"Kò wọ́!"

"Ẹ tún un wí."

"Mo ní kò wọ́ o!" ni Tíṣà kígbe. "Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n yí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Ọ̀ṣunbíyìí fa ọkọ rẹ̀ lápá. "Bàbá Dàda, ó ti tó. Ẹ ti gbọ́ ọ látàárọ̀."

"Mo gbọ́ ọ," ni Fárìndé wí, omi ṣì ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀. "Àwọn tó dúró ti àáké lọ́hùn-ún ni mo rò pé wọn ò gbọ́."