Nígbà Tí Iná Dé Bá Mi Lórí Àkàbà

Dírílì oníwáyà ló lágbára fún kọnkéré, ṣùgbọ́n bí mo bá máa gun àkàbà báyìí, oníbátìrì ni mo máa ń mú. Ẹ̀rù ló kọ́ mi.

Mò ń lu ihò sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan ní Ilo-Awela nígbà tí iná lọ. Èmi ọ̀dẹ̀, mi ò tú bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí dírílì máa yí lọ fúnra rẹ̀. Mo gbé e lé àyà, mo ń sinmi lórí àkàbà.

Lójijì, àwọn akọrin tó ń dánrawò nísàlẹ̀ hó: "Iná ti dé!"

Dírílì jí, ó ń ká ẹ̀wù mi bọ̀ lọ́nà ọrùn. Mo figbe ta, ariwo ayọ̀ wọn bò ó mọ́lẹ̀.

Iná tún lọ. Gbogbo wọn pòṣé. Èmi nìkan ló dúpẹ́.