Fìlà Tí Mo Dé Nínú Fíìmù

Ọdún tí àwọn sọ́jà ti bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ pa ni mo kúrò ní Èkìtì wá ṣe tíṣà ní Àgbádárìgì. Mílíìkì wọ́n, ọṣẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó wọ́n mi jù ni ẹni tí mo lè bá rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ Ègùn. Bí mo bá ti iléèwé dé, màá jókòó sójú fèrèsé, màá ka àwọn igi àgbọn tó wà létí ọ̀sà, màá tún wọn kà. Wọn ò lé, wọn ò dín.

Ìyá onílé mi nìkan ló ń pè mí jẹun. Opó ni wọ́n. Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní Kútọnu, bọ́dà sì há a mọ́ ọ̀hún. "Vi ṣie, wá jẹun," ni wọ́n máa ń wí, bí Ègùn ṣe ń pe ọmọ ẹni. Ẹ̀kọ àti ẹja sísun ni. Yàrá wọn ni mo ti kọ́kọ́ rí fìlà náà: àrán pupa, tí wọ́n rán bọ́tìnì idẹ mẹ́ta, irú ti ẹ̀wù òyìnbó, mọ́ létí. Fìlà bàbá bàbá wọn ni. Inú àpótí ló ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń gbé e jáde, nígbà tí ẹbí bá ń ṣe ìrántí.

Àwọn ọ̀dọ́ kan wá láti Èkó, wọ́n fẹ́ ya fíìmù nípa òwò ẹrú létí òkun wa. Wọ́n rí ẹni tí yóò ṣe ẹrú, àní wọ́n pọ̀ jù. Wọ́n rí òyìnbó pẹ̀lú: ẹnjiníà kan tó ń ṣe ẹ̀rọ omi, tí oòrùn ti bó nímú, tó ń pín bisikíìtì fún àwọn tó fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Ẹni tí yóò ta èèyàn fún òyìnbó ni wọn ò rí. Gbogbo ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n bẹ̀ ló mirí, tó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àlejò lójú, kò fi ríran. Tèmi tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ẹ̀rù kámẹ́rà ló ń bà wọ́n. Mo ní èmi á ṣe é.

Mo lọ bá ìyá onílé mi. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fìlà bàbá. A fẹ́ ṣeré kan ni."

"Ọba lo máa ṣe?"

"Bí ọba ni, mà."

Irọ́ ni mo pa. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbọn fìlà náà, wọ́n dé e fún mi, wọ́n ní ó bá mi mu.

Ọjọ́ tí a ya fíìmù náà, inú mi dùn dé góńgó. Ẹnìkan ń tún agbádá mi ṣe, ẹnìkan ń bu omi àgbọn fún mi, gbogbo wọn ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní kí n gba ìgò ọtí lọ́wọ́ òyìnbó, kí n sì na okùn àwọn ẹrú sí i. Mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n gbé fíìmù ọ̀hún wá fi han ìlú. Ọ̀sán gangan ni, nínú gbọ̀ngàn iléèwé wa. Ẹní ni a fi bo àwọn fèrèsé. Àwa tíṣà àti akọ̀wé tó ti Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkìtì wá jókòó sẹ́yìn, à ń bú òyìnbó bí ẹni pé yóò gbọ́. Ẹnìkan ní wọ́n ṣe é níkà jù, òmíràn ní ìkà rẹ̀ ò tíì tó. Èmi náà ń jiyàn. Àwọn ará ìlú wà níwájú, wọ́n tẹjú mọ́ òyìnbó inú fíìmù náà.

Àfi bí mo ṣe yọ nínú fíìmù, tèmi ti fìlà, tí mo nawọ́ sí ìgò ọtí, tí mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni níwájú ò wo òyìnbó mọ́. Orí ń yí lọ́kọ̀ọ̀kan, kúrò lára fíìmù, sọ́dọ̀ ìyá onílé mi. Ìyá dìde, wọ́n tún gèlè wọn wé, wọ́n jáde. Ìgbà náà ló tó yé mi ibi tí bọ́tìnì idẹ mẹ́ta ti wá àti ohun tí bàbá bàbá wọn fi gbà á lọ́wọ́ òyìnbó, ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ tí wọn kì í sọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè dìde lórí àga.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá onílé mi, mo bẹ̀bẹ̀. "Mo ti gbọ́" ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Láti ọjọ́ náà, wọ́n á gbé oúnjẹ mi sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á dé e, wọn ò ní pè mí. Mo ń dá jẹun, ẹja náà ò sì dùn lẹ́nu mi.

Nígbà tí mo ń padà sí Èkìtì, mo lọ dágbére. Fìlà náà wà lórí itan wọn.

"Ẹ̀rín tí o rín sí yòvó, òyìnbó yẹn," ni wọ́n wí, "ṣé wọ́n ní kí o rín in ni?"

"Rárá, mà. Èmi ni mo rín in."

"Kí ló dé?"

"Inú mi ló dùn, mà. Ọjọ́ yẹn ni èèyàn kọ́kọ́ pé lé mi lórí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yín."

Wọ́n fi àtàǹpàkò nu bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá bàbá mi náà, inú wọn ló ń dùn," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé fìlà náà padà sínú àpótí.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi ń pe ọ̀rọ̀ yẹn ní ìdáríjì. Kì í ṣe ìdáríjì. Lọ́jọ́ náà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù mi, mo ń retí kí wọ́n pè mí ní vi ṣie lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọn ò pè mí.