Pupa Orí Àtàǹpàkò Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn làálì fún mi, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ìdí ààrò tó ti ń yan ẹja ló ti máa ń sọ ọ́. Èéfín á máa bọ́ sí i lójú, á ní kí n yí ẹja sódì, á tún padà sídìí ìtàn rẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n mú òun wọlé bàbá mi, wọ́n lé làálì fún òun lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀. Láyé ìgbà náà, ní àwọn abúlé etí ọ̀sà tó wà lẹ́yìn Ajah, ẹni tó ń kírun àti ẹni tí kì í kírun, ìyàwó tuntun kì í wọlé ọkọ láìlé làálì. Ọjọ́ kẹfà ìgbéyàwó ni bàbá mi bá àwọn apẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìhà Bàdágìrì lọ, torí ẹja kì í dúró de ọkọ ìyàwó. Ó di ìka ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Kí pupa yìí tó tán lọ́wọ́ rẹ, màá ti dé."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé làálì ara awọ kì í pẹ́ ṣí. Ti orí èékánná ni kì í ṣí. Ńṣe ló ń bá èékánná rìn. Èékánná ń hù láti ìdí, pupa ń lọ sí ṣóńṣó díẹ̀díẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi tí èèyàn dúró ní èbúté tó ń wò títí tó fi kéré lójú. Ìyá mi ní òun ò gé èékánná òun. Ó ní ọjọ́ tí bàbá mi dé, pupa tó kù lórí èékánná ò ju fọ́nrán òwú kan lọ.

Ibẹ̀ ló máa ń bá ìtàn náà dé. Á wá ní, "Wo ẹja, kó má jóná."

Mo ti di géńdé nígbà tí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Péńtà ni mí, ilé ni mo ń kùn. Bàbá wa ti kú, èmi àti ìyá mi àti àbúrò mi obìnrin la jọ ń gbé. Òpópónà márosẹ̀ Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n igbó ṣì wà lọ́tùn-ún, igbó wà lósì, igi àgbọn ló ń wo mọ́tò tó ń kọjá. Àwọn ilé ńláńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí nínú yanrìn ni. Àwa tí a ń kọ́ wọn sì pọ̀: ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ Ìkìrun, ọmọ Ìkàrẹ́, tí wọ́n ń sùn sínú ilé tí kò tíì ní fèrèsé. Èmi nìkan ni ọmọ onílẹ̀ láàárín wọn. Fóònù ò tíì wọ ọwọ́ gbogbo ayé. Ẹni tó bá lọ ti lọ nìyẹn, àfi tó bá kọ lẹ́tà.

Àdúgbò Oníru ni àbúrò mi ti ń kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ṣe irun, tó sì ń tún èékánná ṣe fún àwọn ìyàwó olówó. Ìyá mi ò gba ti iṣẹ́ náà rárá.

"Kí lẹ ní ẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"À ń tún èékánná ṣe ni, Ìyá."

"Èékánná tó bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́ o."

"Kí lẹ wá ń tún ṣe lára ẹ̀?"

Èmi á rẹ́rìn-ín, àbúrò mi á wò mí bíi pé kó fi kọ́ńdó là mí lórí. Nígbà tó wá di pé wọ́n gbé ọkọ ọ̀gá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Kàdúná, tí ọ̀gá náà ní kó tẹ̀ lé òun kó lè parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ̀rín tán nílé wa. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi ò fi bá a sọ ju "jẹun" àti "gbálẹ̀" lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò ni àbúrò mi gbé báàgì kan jáde. Ìgò kútẹ́ẹ̀sì ló kún inú rẹ̀, àwọn àlòkù tí ọ̀gá rẹ̀ ta lọ́rẹ. Ó gbé omi gbígbóná sínú abọ́, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá wa tó jókòó lábẹ́ igi fúrúùtù.

"Ìyá, ẹ na ẹsẹ̀ wá. Mo fẹ́ dán ìwọ̀nyí wò kí n lè mọ èyí tó ti gbẹ."

"O ò rí ẹlòmíì dán an wò lára ẹ̀ àfi ẹsẹ̀ ẹlẹ́ja?"

"Ẹsẹ̀ ẹlẹ́ja náà ni ẹsẹ̀ ìyá mi."

Ìyá mi kọ́kọ́ ṣe bíi pé òun ò gbọ́. Nígbà tó yá, ó na ẹsẹ̀ náà sínú omi. Àbúrò mi fi òkúta ha gìgísẹ̀ rẹ̀, ó yọ ìpẹ́ ẹja kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná, ó fi nǹkan pẹlẹbẹ kan tó dà bíi sánpépà ha etí wọn dọ́gba. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìgò. Ìka mẹ́wàá, àwọ̀ mẹ́sàn-án, torí pupa kan náà ló kùn sí àtàǹpàkò méjèèjì. Ọ̀kan dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, ọ̀kan ń dán bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀kan tilẹ̀ wà tó dà bí ẹ̀bà tí wọ́n fi epo tẹ̀. Èyí tó ti gbẹ ń fà bí ilá. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n títí, ẹ̀rín bá bọ́ lẹ́nu ẹ̀.

"Ẹ gbà mí! Ẹsẹ̀ mi di àtẹ onílẹ̀kẹ̀!"

Bí ìjà ọjọ́ mẹ́ta ṣe parí nìyẹn. Àbúrò mi da asitóònù sí òwú, ó ń nù wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan àtàǹpàkò méjèèjì tó kùn ní pupa, ìyá mi fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Fi ìyẹn sílẹ̀."

Pupa làálì gẹ́lẹ́ ni. Àbúrò mi náà mọ ìtàn yẹn, ìdí ààrò kan náà la ti gbọ́ ọ. Ó di àtàǹpàkò náà mú, ó ní, "Ìyá, kí pupa yìí tó tán lẹ́sẹ̀ yín, màá ti dé."  Ìyá mi ṣáà ń mi orí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọmọ yẹn ò rò, èmi tí mo jẹ́ péńtà ló sì yẹ kí n rò ó. Kútẹ́ẹ̀sì kì í ṣe làálì. Làálì ń wọnú èékánná ni, kútẹ́ẹ̀sì kàn ń bò ó ni, ohun tó bá sì kàn bo nǹkan mọ́lẹ̀, bó pẹ́ bó yá, á ṣí. Èyí tó tún burú ni pé ẹsẹ̀ ìyá mi kì í kúrò nínú omi. Àárọ̀ kùtù ló ti ń wọ́ omi lọ pàdé àwọn ọlọ́kọ̀.

Lẹ́tà kan dé ní oṣù kejì. Ara le, Kàdúná ń tutù, ó kí gbogbo ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yìn náà ni etí ọkọ̀ ha àtàǹpàkò òsì, pupa sì ṣí ní igun kan bíi kùlíkùlí tí eku bù jẹ. Ìyá mi wò ó, ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tí ẹja jóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo wá pupa náà lọ sí ọjà Ajah. Mo ra ìgò márùn-ún, torí mi ò dá àwọ̀ náà mọ̀ láàárín wọn. Ẹ̀yìnkùlé ni mo lọ jókòó sí, mo sì dán wọn wò lórí ìka ẹsẹ̀ òsì tèmi. Ọ̀kan pọ́n bíi tòmátì, bó ṣe gbẹ ló di àwọ̀ epo. Ọ̀kan dà bí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì. Ọ̀kan ki jù, mo bu tínà tí a fi ń lu ọ̀dà ilé sí i, ó sì dì mọ́ra lójú mi bí ògì tó bàjẹ́. Ìkẹrin ló bá tìyá mi mu. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti fi asitóònù nu ẹsẹ̀ mi. Bí mo ṣe bọ́ bàtà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ni ọmọ Ìkìrun kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi igbe ta.

"Ẹ wá wo ọ̀gá péńtà o! Ọ̀gá, ìgbà wo lọkọ ń bọ̀ wá gbé yín?"

"Sáńpù àwọ̀ ni," mo ní.

"Sáńpù lẹ́sẹ̀? Ògiri ti tán ní Lẹ́kí ni?"

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Ìyàwó. Kò dùn mí. Mo ti rí ohun tí mò ń wá.

Tí ìyá mi bá yan ẹja tán lọ́sàn-án, abẹ́ igi fúrúùtù ló ń tẹ́ ẹní sí, oorun rẹ̀ sì le. Mo dúró títí èémí rẹ̀ fi ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, mo wá kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fi sánpépà tó kúnná jù ha igun tó ṣí, mo kùn ún, mo jẹ́ kó gbẹ, mo tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì. Mo búra fún ara mi pé ibi tó ṣí nìkan ni màá máa dí. Ibi tó funfun ní ìdí èékánná, ibi tó ń sọ bí ọjọ́ ti ń lọ, ìyẹn kì í ṣe tèmi.

Mo mú ìbúra náà ṣẹ fún oṣù díẹ̀. Ọdún Kérésì kọjá. Ìyá mi ò gé èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́. Wọ́n gùn, wọ́n ń tẹ̀ wálẹ̀, ó ń tiro rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún, síbẹ̀ kò gbé réésà sí wọn. Pupa tó kù ò ju ìlàjì ẹ̀wà kan lọ. Mo máa ń bá a tó gbé ẹsẹ̀ lé itan, tó ń fi ìka wọn pupa náà, ẹja ń rú èéfín lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó sùn, mo kùn ún kọjá ibi tí mo búra sí. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì dá pupa náà padà sẹ́yìn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí èékánná.  Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé, bí àbúrò mi bá ti kú sí Kàdúná ńkọ́? Irú irọ́ wo ni mò ń kùn sí ìyá mi lẹ́sẹ̀?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Pupa yìí ò mà kánjú mọ́ o."

"Èékánná àgbà kì í tètè hù, Ìyá."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ó ní kí n mú réésà wá. Ó gé èékánná méjèèjì mọ́lẹ̀, ó sì dìde, kò tiro mọ́.

Báyìí ni mo ṣe ń kùn ún lọ. Òjò tún bẹ̀rẹ̀, òjò tún dá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà nílé, mo gbọ́ "Ẹ kúulé" láti ẹnu ọ̀nà. Àbúrò mi ni, ó rù, ó gbé báàgì lórí, yanrìn ojú ọ̀nà márosẹ̀ sì kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi dìde nídìí ààrò. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ẹkún gbà á lẹ́nu. Ó ní lẹ́tà mẹ́ta ni òun fi rán àwọn awakọ̀, àwa sì rèé, ọ̀kan ṣoṣo la rí gbà. Bó ṣe dorí kodò tó ń nu ojú, ó rí àtàǹpàkò ìyá wa.  Ó fi èékánná tirẹ̀ ha á wò.

"Ta ló kun èyí? Ó nípọn bíi géètì!"

Ojú ilẹ̀ ni mò ń wò.

"Bọ̀ọ̀dá péńtà ni," ìyá mi dáhùn. "Pupa tìrẹ ti tán tipẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fi ń dúró dè ọ́."

"Ìyá, ẹ mọ̀?" ni mo wí.

"Ta ló sọ fún ọ pé mo sùn? Búrọ́ọ̀ṣì rẹ ń yún mi lẹ́sẹ̀, mò ń gé ètè jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Bí mo bá sọ̀rọ̀, ṣé wàá tún kùn ún?"

Ìgbà yẹn ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ìyá, làálì tiyín nígbà náà ńkọ́? Fọ́nrán òwú yẹn, ṣé ó kù níbẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ tí bàbá dé?"

Ó ti kọjú sí ààrò. "Wo ẹja," ó ní, "kó má jóná."

Kò dá mi lóhùn títí ó fi re ibi àgbà ń rè. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ ti fẹ̀ báyìí, tírélà tó ń lọ sí èbúté ńlá Ìbẹ̀jú ló ń mi ilẹ̀ níbi tí igi àgbọn wà. Àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù sí Igbó Ẹfọ̀n, iná kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀ tí kútẹ́ẹ̀sì fi ń gbẹ. Ó ní ti ìsìnyí kì í ṣí. Ìgò kẹrin yẹn wà lójú fèrèsé mi, ó ti gbẹ sínú, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á nù.

Ìwọ tí o jókòó tì mí láti ẹ̀ẹ̀kan, tí o ń gbọ́ mi: ta ni ìwọ náà ti di ojú fún rí bí ẹni tó sùn, kó lè rí àyè ṣe ọ́ lóore?