Ẹ Bọ́ Bàtà Yín Síta

N kò dé Pakistan rí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko ni Pakistan fi wà níwájú ilẹ̀kùn mi ní Gulfton, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín wa, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ohun tí n kò mọ̀ ni mò ń ròyìn. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Èyí tí n kò rí, ìyá àgbà tó ń gbé níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, wọn kì í sì í purọ́, àfi bí ìtàn náà bá ń fẹ́ iyọ̀ díẹ̀.

Àwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní Houston ni. Àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ epo ti kó ẹrù wọn lọ, apátímẹ́ǹtì wọn ṣófo, omi tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Àwọn onílé tí kì í fẹ́ fojú rí ọmọdé tẹ́lẹ̀ wá ń pe àwa àlejò wọlé bí ẹni ń pe oníbàárà. Ọkọ mi ń ṣe iṣẹ́ ṣíífìtì ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Pasadena, lẹ́bàá Houston. Èmi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì ń tọ́jú àwọn arúgbó láti fi jẹun. Níwájú wa ni ọkùnrin kan láti Karachi ń gbé, tó kàwé ẹnjiníà tó sì ń ta epo ọkọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀, ọmọbìnrin wọn méjì, àti ìyá rẹ̀. Ìyá yìí ni mò ń pè ní Màmá.

Bàtà wọn ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ilé wọn. Ìta ni gbogbo rẹ̀ ń wà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwa méjèèjì jọ ń gbà kọjá. Kò pẹ́ tí mo fi ń ka bàtà wọn bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Bí mo bá rí bàtà ọkùnrin dúdú méjì tí wọ́n fi pólíìṣì kùn tó ń dán, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyàwó ni wọ́n bá wá, kí Màmá bá wọn wá ẹni tí wọn yóò fẹ́. Bí mo bá rí bàtà gogoro aláwọ̀ wúrà, ọ̀rẹ́ ìyàwó ilé ló ti àdúgbò Brays Oaks dé, oúnjẹ alẹ́ yóò sì pẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọlé lọ kí wọn, Màmá fi tíì lọ̀ mí. Ìyá tó bí mi kọ́ mi dáadáa: ọmọ tí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì nawọ́ gbà á, olójúkòkòrò ni. Mo ní rárá, ẹ ṣeun. Wọ́n tún fi lọ̀ mí, mo tún ní rárá. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé lọ́dọ̀ tiwọn, rárá àkọ́kọ́, ìkíni ni. Rárá kejì, ẹ̀kọ́ ilé ni. Rárá kẹta, ṣúgà ni àlejò ń béèrè pé kí wọ́n fi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni àwa ẹlẹ́kọ̀ọ́ ilé méjèèjì kojú ara wa. Bí mo ṣe ń kọ̀ tó ni wọ́n ń bù sí i tó. Ife mẹ́rin ni mo mu lọ́jọ́ náà, ó dùn débi pé eyín ń ro mí, mo sì ń dúpẹ́.

Ìdágbére wọn ló wá pabanbarì. Ìyàwó ilé, tó máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa, ló là mí lóye. Ní Karachi, àlejò á dìde lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó. Á dìde lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n lè bínú sí i. Lẹ́ẹ̀kẹta á dé ẹnu ọ̀nà, á wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó gbé e wá gan-an á ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìsàn, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tó bọ́, ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò gbọ́ràn, wọn kì í sọ ọ́ lórí àga. Mo fojú ara mi rí ọkùnrin kan tó dúró bẹ́ẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ fọ aṣọ, mo dúró títí ẹ̀rọ fi gbẹ ẹ́, mo ká a, mo gòkè padà. Bàtà ẹsẹ̀ kejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìtàn tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọkọ Màmá tó ti di olóògbé. Ó ra bàtà tuntun, ó wọ̀ ọ́ lọ kírun Jímọ̀. Gbogbo Karachi ló mọ̀ pé olè bàtà kì í pa Jímọ̀ jẹ, nítorí náà ó gbé bàtà náà síwájú ara rẹ̀ níbi tí ojú rẹ̀ á ti tó o. Ó forí balẹ̀, ó gbórí sókè, bàtà ti lọ. Sálúbàtà jíjá ẹlòmíràn ló wọ̀ wálé. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, sálúbàtà jíjá yẹn ló wọ̀ lọ, Màmá sì ní kò tíì sí ọjọ́ tí ọkọ àwọn fọkàn sí ìrun bíi ti ọjọ́ náà.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Aládùúrà ni mí. Àwa náà ń bọ́ bàtà ká tó wọlé gbàdúrà, mo sì ti fẹsẹ̀ lásán rìn láti ṣọ́ọ̀ṣì délé rí ní Mushin. Nígbà tí ìyàwó ilé túmọ̀ èyí fún Màmá, wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbá mi lọ́wọ́ pá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di ọmọ wọn.

Màmá fúnra wọn, bàtà kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Aláwọ ni, imú rẹ̀ ká sókè, ọkọ wọn ló ní kí aránbàtà ṣe é fún wọn ní ọdún tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn máa ń wú, kò sì sí bàtà ṣọ́ọ̀bù kan tó gbà á. Bàtà yẹn nìkan ló mọ ẹsẹ̀ wọn.

Wàyí o, ibi tí mo ti ṣe ojo rèé. Máníjà tuntun kan dé, òyìnbó ọ̀dọ́kùnrin tó ń wọ bàtà gígùn àwọn darandaran Texas. Ó lẹ lẹ́tà mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn: ohunkóhun kò gbọdọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilé tó bá sì gba ìkìlọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta, kó máa kó ẹrù. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ń pé jọ sí pálọ̀ mi fún àdúrà. Mo wá ọ̀rá fún wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kó bàtà sí i, mo ń lọ tò ó sínú ibi ìwẹ̀ mi. Ìwé ìgbélùú ọkọ mi kò tíì jáde. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá lé wa nílé, ẹnìkan á kọ ọ́ síbì kan.

Nígbà tí ìkìlọ̀ kejì dé ẹnu ọ̀nà àwọn aládùúgbò wa, ìyàwó ilé mú un wá bá mi.

“Kí ni ẹ rò pé ká ṣe?”

“Ẹ kó bàtà yín wọlé,” mo ní.

“Màmá kò gbà. Wọ́n ní ìdọ̀tí ìgboro kì í sun inú ilé tí èèyàn ti ń kírun.”

Mo wẹ̀yìn wo ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ mi.

Láàárọ̀ Sátidé tó tẹ̀lé e, máníjà gbé ọ̀rá dúdú ńlá wá, ó kó gbogbo bàtà ẹnu ọ̀nà wọn sínú rẹ̀, ó lọ jù ú sínú àpótí ìdọ̀tí onírin tó wà nísàlẹ̀. Inú ihò ilẹ̀kùn mi ni mo ti ń wò ó. N kò ṣílẹ̀kùn. Ó ń dùn mí di òní.

Lẹ́yìn náà ni Màmá jáde láti lọ yá oòrùn. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, ẹsẹ̀ wọn lásán lórí kọnkéré. Nígbà náà ni mo tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n sọ nǹkan kan fún ìyàwó ilé tó wà lẹ́yìn wọn, òun ló sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

“Wọ́n ní, ṣé Jímọ̀ lòní ni?”

Inú bí mi sí máníjà, ó sì bí mi sí ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ̀kalẹ̀ tèmi ti aṣọ funfun iṣẹ́ mi, mo gun àpótí ìdọ̀tí náà, mo bọ́ sínú rẹ̀. Ẹyin tó ti bàjẹ́ ti fọ́ sára ọ̀rá. Mo ń fà á jáde lọ́wọ́ nígbà tí máníjà dé.

“Madam, ẹ jáde níbẹ̀. Òfin kò gbà á.”

“Òfin wo ló ní kí ẹ kó bàtà arúgbó?”

Ó ní rule ni rule. Mo ní kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó bí i. Mo gbé ọ̀rá mi, mo gòkè. Mo kó bàtà àwọn yòókù fún ìyàwó ilé kó lọ fọ̀ ọ́. Mo fọ bàtà Màmá nínú bàsíà mi, mo fi fásílíìnì pa á, mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé kó gbẹ.

Nígbà tí àwọn ará dé nírọ̀lẹ́, orí àtẹ̀gùn ni wọ́n bá mi. Wọ́n ti ń nawọ́ gba ọ̀rá.

“Kò sí ọ̀rá lónìí,” mo ní. “Ẹ bọ́ bàtà yín síta.”

Bàbá tó ń ṣáájú wa nínú àdúrà wò mí. “Sister, ṣé kò ní di trouble?”

“Ó ti di bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀, Bàbá.”

Mo ròyìn fún wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú okùn bàtà wọn. Bàtà èèyàn mẹ́tàdínlógún ni a tò láti ẹnu ọ̀nà mi dé ẹnu ọ̀nà tiwọn, àwọn ará Karachi sì kó tiwọn jáde wá kún un. Àwọn ọmọbìnrin méjì náà ń tò ó ní méjì-méjì bí ọmọ iléèwé.

Bí ọkọ mi ṣe ti Pasadena dé nìyẹn, bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Kí lèyí? Papers mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn o. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé wa kúrò ní apartment yìí ni?”

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó wo bàtà Màmá lẹ́bàá fèrèsé. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbé e síwájú gbogbo tiwa. “Tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé,” ó ní. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ.

Kò pẹ́ tí máníjà fi gòkè wá. Lẹ́tà méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: ìkẹta àwọn aládùúgbò wa, èyí tí yóò lé wọn jáde, àti àkọ́kọ́ tiwa. Ilẹ̀kùn tiwọn ló kàn. Màmá ló ṣí i. Màmá kò mọ lẹ́tà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé èèyàn kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi tíì lọ̀ ọ́. Ó ní rárá. Wọ́n tún fi lọ̀ ọ́. Ó ní rárá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí, mo sì lè sọ fún un pé kó má ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. N kò sọ fún un.

Ó sọ ọ́. Màmá fà á lápá, wọ́n na ìka sí bàtà rẹ̀. Bàtà darandaran kì í bọ́ bọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọbìnrin méjì fà á ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu níbi àtàǹpàkò. Ife mẹ́ta ló mu.

Nígbà tó jáde, mo ti gbé ọ̀rá dúdú dúró dè é. Ó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó sì dúró. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tẹ́nìkan kò bi í: pé oṣù méjì péré lòun dé ẹnu iṣẹ́ náà, pé ìyàwó òun lóyún, pé onílé ní kóun má jẹ́ kí ilé náà rí bí ọjà. Màmá ń tẹ́tí, wọ́n ń mi orí, wọn kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó dákẹ́, wọ́n nawọ́ sí bàtà rẹ̀ kejì tó wà láàárín tiwa, wọ́n béèrè nǹkan kan. Ìyàwó ilé kọ́kọ́ lọ́ra kó tó túmọ̀ rẹ̀.

“Wọ́n ní, bàtà yín yẹn náà, ṣé inú ọ̀rá dúdú lẹ máa kó o sí?”

Mo ya ẹnu ọ̀rá náà sílẹ̀ fún un. Òórùn ẹyin jáde.

Ó gbé bàtà kejì wọ̀. Ó yọ lẹ́tà méjèèjì, ó fà wọ́n ya, ó ń wá ibi tí yóò jù wọ́n sí, ọ̀rá ọwọ́ mi ló sì ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ẹ ṣáà tò ó mọ́ ògiri,” ó ní.

N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo di ẹnu ọ̀rá náà, mo gbé e lé e lọ́wọ́ pé kó bá mi jù ú nù bó bá ń sọ̀kalẹ̀. Títí a fi kó kúrò ní Gulfton, bàtà ẹnikẹ́ni kò tún wọ ilé ìwẹ̀ mi mọ́.